Phenol lọ, COD kò lọ: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nípa fífi iná mànàmáná wẹ omi

Omi lítà 2 ni. Phenol, kẹ́míkà olóró kan tó ní kábọ́ọ̀nù nínú, jẹ́ mílígíráàmù 500 nínú lítà kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí èèyàn lè bá nínú omi ìdọ̀tí níbi tí wọ́n ti ń po gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pákó. Wọ́n da iyọ̀ ìdáná gíráàmù 3 sí lítà kọ̀ọ̀kan kí iná lè ráyè kọjá, wọ́n sì ki páànù méjì bọ inú rẹ̀. Titanium tí wọ́n fi ohun tó wá láti ara ruthenium àti iridium bò lójú ni ánóòdù, ìyẹn páànù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù iná. Irin tí kì í dógùn-ún ni kátóòdù, páànù ẹ̀gbẹ́ nẹ́gátíìfù. Wọ́n tan iná DC, èyí tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ, sí i. Kò pẹ́ tí ìdánwò phenol fi sọ pé phenol ti tán. Ṣùgbọ́n omi tó mọ́ gaara nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, òórùn rẹ̀ ti di ti oògùn apakòkòrò, COD, òǹkà tó ń sọ bí ìdọ̀tí tó lè jó ṣe pọ̀ tó nínú omi, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà.

Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Nǹkan mẹ́ta ló kó ara wọn jọ: ohun tí wọ́n ń wọ̀n kò bá ohun tí wọ́n ń wá mu, ánóòdù náà kò lágbára tó, iyọ̀ náà sì ń dá iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ohun tí òǹkà ń sọ

COD ni ìwọ̀n ọ́síjìn tí yóò tán lórí gbogbo ohun tó lè jó nínú lítà omi kan. Kí phenol gíráàmù 1 tó jó di carbon dioxide àti omi, ọ́síjìn gíráàmù 2.38 ló máa gbà. COD omi yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ wá jẹ́ 500 lọ́nà 2.38, ìyẹn 1,190 mg/L. Bó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ nìkan la fẹ́ kà, èyí tí wọ́n ń pè ní TOC, 383 mg/L ni.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ojú iná wò ó. Mólékù phenol kan gbọ́dọ̀ fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 28 sílẹ̀ lójú ánóòdù kí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó di carbon dioxide. Bó bá fi 2 péré sílẹ̀, ó ti di hydroquinone tàbí catechol. Bó bá fi 4 sílẹ̀, ó ti di benzoquinone. Ìdánwò tó ń wá phenol nìkan yóò ní phenol ti kú, òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo phenol inú omi yìí bá di benzoquinone láìku ẹyọ kan, COD yóò ṣì wà ní 1,020. Ìdá kan nínú méje iṣẹ́ ni wọ́n tíì ṣe.

Àwọ̀ pípọ́n yẹn, àwọn quinone, ìyẹn benzoquinone àti ẹbí rẹ̀, ló ni ín, pẹ̀lú àwọn tó ti so mọ́ ara wọn di mólékù ńlá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: lẹ́yìn quinone, òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà náà yóò já, maleic acid àti fumaric acid yóò yọ, oxalic acid àti formic acid yóò tẹ̀ lé wọn, kí carbon dioxide tó dé. Gbogbo àwọn ásíìdì wọ̀nyí ni kò ní àwọ̀. Ẹni tó bá rí i pé omi pọ́n, tó tún mọ́ padà, tó wá paná, ó ti tan ara rẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kejì. pH ló máa ń tú àṣírí: á já wálẹ̀ bí àwọn ásíìdì wọ̀nyí ṣe ń pọ̀, á sì máa gòkè padà bí wọ́n ṣe ń jó tán.

Ánóòdù àti iyọ̀

Ní ọdún 1994 ni Christos Comninellis ti là á sílẹ̀ pé ìran méjì ni ánóòdù tó ń jó ìdọ̀tí inú omi. Nínú àwọn méjèèjì, omi ló kọ́kọ́ ń fọ́ lójú páànù di hydroxyl radical, ohun kan tó máa ń jó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun oníkábọ́ọ̀nù tó bá fara kàn. Lójú ìran àkọ́kọ́, tí ruthenium àti iridium wà nínú rẹ̀, radical yìí máa ń rì mọ́ páànù lára, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Ó lè ba phenol jẹ́, ó lè fọ́ òrùka rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá kan maleic àti oxalic, á sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ọ́síjìn lásán ni yóò sì máa tú jáde. Lójú ìran kejì, radical náà kò lẹ̀ mọ́ páànù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Dáyámọ́ńdì tí wọ́n fi boron sí lára kí iná lè gbà á kọjá, tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní BDD, ni ọ̀gá nínú ìran yìí. Lead dioxide náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òjé lè yọ́ bọ́ sínú omi láti ara rẹ̀. Kò mọ́gbọ́n wá kéèyàn yọ phenol kúrò kó wá fi òjé rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan á bi wá pé kí ló dé tí a kò lo irin lásán tàbí graphite. Irin tó bá di ánóòdù yóò yọ́: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yẹ kó ti ara phenol wá, ara irin ni yóò ti máa wá, ẹrẹ̀ pupa ló sì máa kù sí ìsàlẹ̀ ike. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, ó ní ibi tó ti wúlò, àmọ́ phenol tó ti yọ́ sínú omi kì í sábà bá ẹrẹ̀ náà lọ. Graphite ní tirẹ̀ máa ń jó díẹ̀díẹ̀, eérú dúdú rẹ̀ á sì máa dà sínú omi.

Ti iyọ̀ ìdáná ló wá burú jù. Chloride inú rẹ̀ ń di chlorine lójú ánóòdù, chlorine yìí sì ń lẹ̀ mọ́ phenol kíákíá. Chlorophenol ló ń jáde, láti orí èyí tó ní chlorine ẹyọ kan dórí èyí tó ní mẹ́ta. Òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n gbọ́ nìyẹn. Ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ rẹ̀ ti tó kí imú mọ̀ ọ́n. Àwọn wọ̀nyí ṣòroó jó ju phenol fúnra rẹ̀ lọ, òmíràn nínú wọn sì ní májèlé jù ú lọ. Bí iná bá pẹ́ lórí omi náà, chloride yóò tún máa di chlorate, lójú BDD á sì lè dé perchlorate, èyí tí kò sí ọ̀nà kékeré láti yọ kúrò mọ́. Wọn kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Chloride tún ń ba òǹkà COD jẹ́. Dichromate tí wọ́n fi ń wọn COD máa ń jó chloride náà: gíráàmù 1 chloride ń fara hàn bíi COD gíráàmù 0.226. Iyọ̀ gíráàmù 3 ní chloride tó tó gíráàmù 1.82, tí ì bá fi COD irọ́ bíi 410 mg/L kún òǹkà bí mercury sulfate inú ìgò ìdánwò kò bá dì í mú. Ọ̀pọ̀ ìgò tí wọ́n ti po sílẹ̀ kò fàyè gba ju 2,000 mg/L chloride lọ, èyí tó fi hàn pé wọ́n ń rìn létí bèbè.

Wọ́n da omi yẹn sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀tí olóró, wọ́n po tuntun. Sodium sulfate tó gbẹ ni wọ́n fi rọ́pò iyọ̀, gíráàmù 7.1 sí lítà kan. Ánóòdù di BDD, ojú rẹ̀ 100 cm², àlàfo láàárín òun àti kátóòdù jẹ́ mílímítà 10, pọ́ǹpù sì ń yí omi gba àárín wọn kọjá láìdúró. Ẹ má fojú kékeré wo sulfate yẹn. Pẹ̀lú rẹ̀, omi náà gbé iná tó bíi 9 mS/cm, nítorí náà ní mA (mílíáńpíà) 20 lórí cm² kọ̀ọ̀kan, fóltì 2.2 péré ló ń ṣòfò nínú omi àárín páànù méjèèjì. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ lásán tó gbé 0.5 mS/cm, fóltì 40 ni ìbá ṣòfò síbẹ̀, ooru nìkan ni ìbá sì dà.

Awọ tó bo ánóòdù

Wọ́n fẹ́ ṣe jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì yìí. Wọ́n gbé kọ́rẹ́ǹtì sí áńpíà 0.2, ìyẹn mA 2 lórí cm² kan, wọ́n rò pé bí iná bá kéré, dáyámọ́ńdì olówó ńlá yẹn yóò pẹ́. Ẹ̀rọ iná náà wà lórí ètò tó ń di kọ́rẹ́ǹtì mú síbi kan, kó má yẹ̀. Fóltéèjì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè láìdúró. Nígbà tí wọ́n yọ ánóòdù wò, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àwọ̀ ilẹ̀ ti bò ó lójú.

Ìdí rẹ̀ rèé. Bí kọ́rẹ́ǹtì bá kéré báyìí, phenol nìkan tó láti gbé gbogbo rẹ̀. Omi kò ní fọ́, hydroxyl radical kò sì ní yọ. Phenol tó fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ẹyọ kan sílẹ̀ lójú páànù yóò wá ẹnìkejì rẹ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọn yóò so pọ̀, òmíràn yóò tún so mọ́ wọn, títí wọn yóò fi di ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gbé iná. Ẹ̀rọ tí wọ́n sọ fún pé kó má dín kọ́rẹ́ǹtì kù kò ní ohun mìíràn láti ṣe ju kó máa fi fóltéèjì tì í lọ.

Kì í ṣe sáńpépà ni wọ́n fi ń họ irú awọ yìí. Dáyámọ́ńdì ojú páànù náà kò ju máíkírómítà mélòó kan lọ ní sísanra, bó bá ti ṣí kúrò lára niobium tàbí silicon tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó parí. Iná fúnra rẹ̀ ni oògùn. Ki ánóòdù bọ sodium sulfate mìíràn tí kò sí phenol nínú rẹ̀ rárá, gbé kọ́rẹ́ǹtì sí mA 30 lórí cm² kan, ìyẹn áńpíà 3, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi nìkan ló wà níbẹ̀ láti fọ́, radical yóò yọ, yóò sì jó awọ náà. Bí fóltéèjì bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó sì dúró síbi kan, ojú páànù ti mọ́. Bí kò bá sọ̀, yẹ ibi tí wáyà ti kan páànù wò kó o tó dá ánóòdù lẹ́bi: ojú ìdè tí omi bá ń ta sí lára máa ń di èépá tí kò gbé iná. Òkè omi ni kí gbogbo ìdè wà.

Kọ́rẹ́ǹtì wo ló tó?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ owó iná ń gbà ṣòfò, nítorí náà ó tọ́ ká fara balẹ̀.

Áńpíà 1 fún wákàtí 1 kò lè jó ju COD gíráàmù 0.298 lọ, bó ti wù kí ẹ̀rọ dára tó. Ààlà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ààlà kejì ni pé ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ rin dé ojú páànù kó tó lè jó. Bí kọ́rẹ́ǹtì bá pọ̀ ju ohun tó ń dé lọ, èyí tó ṣẹ́ kù yóò fọ́ omi, ọ́síjìn yóò máa ru jáde, èèyàn yóò sì rò pé iṣẹ́ ń lọ nítorí pé ó ń hó.

Ìwọ̀n ìrìn yìí nínú ẹ̀rọ kan ṣeé wọ̀n. Wọ́n fi páànù nickel tí ojú rẹ̀ tó 100 cm² rọ́pò BDD, wọ́n po potassium ferrocyanide mólù 10 sí kúbíìkì mítà omi kan, wọ́n fi ferricyanide tó pọ̀ jù ú lọ dáadáa sí i kó má bàa jẹ́ kátóòdù ni yóò fà sẹ́yìn, wọ́n sì lo sodium hydroxide láti gbé iná. Ásíìdì kò gbọ́dọ̀ kán sínú àpòpọ̀ yìí rárá, nítorí gáàsì cyanide lè jáde níbẹ̀. Wọ́n gbé fóltéèjì gòkè díẹ̀díẹ̀ títí kọ́rẹ́ǹtì fi dúró tí kò gòkè mọ́. Ó dúró ní áńpíà 0.19, èyí tó fún wa ní 2 × 10⁻⁵ mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan pọ́ǹpù mọ́, torí bí ìṣàn omi bá yí padà, òǹkà náà yí padà.

Pẹ̀lú òǹkà yìí, kọ́rẹ́ǹtì tí COD 1,190 lè gbé lórí 100 cm² jẹ́ áńpíà 2.87. Bí COD bá ṣe ń wálẹ̀ ni ààlà yìí ń bá a wálẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní áńpíà 2. Fún wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 12 àkọ́kọ́, gbogbo iná ló ń ṣiṣẹ́, COD yóò sì dé 830 nínú ìṣirò. Láti ibẹ̀ lọ, ìrìn ìdọ̀tí ló kù tó ń darí: wákàtí kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lára ohun tó kù, yálà kọ́rẹ́ǹtì wà ní 2 tàbí ó di 10. Ní wákàtí 7, COD yóò sún mọ́ 100.

Ẹni tó bá fi áńpíà 2 sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ti lo áńpíà-wákàtí 14. Ẹni tó bá ń dín in kù bí COD ṣe ń wálẹ̀ lè ṣe é báyìí: áńpíà 2 fún wákàtí méjì, 1.5 fún wákàtí kan, 1.1 fún wákàtí méjì, 0.55 fún wákàtí méjì tó gbẹ̀yìn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.8. Àwọn méjèèjì yóò parí ní àkókò kan náà, nítorí pé kì í ṣe iná ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Bí fóltéèjì bá wà ní 6, ti àkọ́kọ́ gba 42 kWh fún kúbíìkì mítà omi kan. Ti ìkejì jẹ́ nǹkan bí 26, ó tiẹ̀ lè kéré sí i torí pé fóltéèjì náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí kọ́rẹ́ǹtì bá dín.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ga ju ààlà lọ díẹ̀ kó tó parí. Àmọ̀ọ́mọ̀ ni. Bó bá bọ́ sábẹ́ ààlà jìnnà nígbà tí phenol ṣì pọ̀, a ti padà sídìí awọ nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ gíga, parí kékeré. Ẹni tó bá yí i padà yóò tún fọ ánóòdù.

Ẹ̀gbẹ́ kejì, àti àyẹ̀wò

Kátóòdù kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, àfi tí omi bá ní calcium púpọ̀. Èépá funfun yóò bò ó. Rì í sínú acetic acid ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún títí yóò fi ṣí. Má ṣe yí iná padà, kí kátóòdù di ánóòdù, láti fi ṣí i bó bá jẹ́ titanium oníruthenium lo ń lò, ohun tí wọ́n fi bò ó lójú yóò bàjẹ́.

Háídírójìn ni kì í ṣe ohun àmúṣeré. Áńpíà 2 ń tú nǹkan bí lítà 0.9 jáde ní wákàtí kan, ó sì ń gbiná láti ìgbà tó bá ti tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́. Ọ́síjìn tún wà nínú ike kan náà. Ike yìí kò gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó dì pa, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa fẹ́ lórí rẹ̀, wọn kì í sì í tú wáyà nígbà tí iná ṣì ń lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni iná ti ń ta pàrà.

Ní ti omi àyẹ̀wò, mílílítà mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tó. Kí ó tó wọ ìgò COD, fi bébà iodide oníṣítáàṣì kàn án. Bó bá di búlúù, persulfate tàbí irú rẹ̀ ṣì wà nínú omi náà, nítorí pé BDD máa ń fi sulfate ṣe é, ìyẹn yóò sì yí òǹkà COD padà. Sodium sulfite ni wọ́n fi ń pa á, díẹ̀díẹ̀, títí bébà kò fi ní yí àwọ̀ mọ́. Bó bá pọ̀ jù, sulfite fúnra rẹ̀ yóò di COD. TOC kò ní wàhálà yìí. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà nítòsí, lò ó fún omi àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìkẹyìn, kí o sì fi wé COD. Bí COD ti wálẹ̀ ṣùgbọ́n tí TOC kò yẹ̀, ìdọ̀tí ń yí padà ni, kò tíì lọ.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé dandan ni kí omi náà dé 100? Láti 100 sí 10, wákàtí 6 mìíràn àti díẹ̀ ni. Phenol àti quinone ló ń pa kòkòrò tí ń jẹ ìdọ̀tí nínú ọ̀gbun ìwẹ̀nùmọ́. Maleic, oxalic àti formic kì í ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ níwọ̀n yìí. Níbi tí irú ọ̀gbun bẹ́ẹ̀ bá wà, paná nígbà tí COD bá sún mọ́ 400, ní bíi wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn tí ìdánwò bá ti fi hàn pé quinone pàápàá ti tán. Pa persulfate tó kù, da sodium hydroxide díẹ̀ sí i kí pH tó padà sí 7, kí o sì jẹ́ kí kòkòrò jẹ ìyókù.